A fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Òmùwẹ̀ kọ:

Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ kékeré tó ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹgbẹ́ wa ò lówó, a kì í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, a kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹni tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni wọ́n sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí ìtàn ẹgbẹ́ náà kà níbì kankan. Alága wa àná jáde láyé kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló sì bá bàbá náà wọlẹ̀. Ìpàdé wá rán mi pé kí n kó ìtàn náà jọ, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ, nígbà tí àwọn àgbà tó kù ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ìwé ìpàdé kan tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀, fọ́tò díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ sí lẹ́yìn, àti àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu. Bàbá kan ní Odò Ọba ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ṣì ń gbà nígbà náà. Bàbá kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé púùlù òtẹ́ẹ̀lì ni, náírà ni àwọn sì fi san owó àbáwọlé. Kò sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń mọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí ìwé? Kí ni kí n ṣe sí àwọn fọ́tò yẹn? Èyí tó wá wúwo lọ́kàn mi jù: ọmọ kan kú sómi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nígbà kan. Ṣé kí a kọ ọ́ sínú ìwé, àbí kí a fò ó?

Ìyá Ọjà Tuntun kọ:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má tíì lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ilé ni ìtàn ẹgbẹ́ máa ń wà. Ẹ wo ara ògiri, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó abọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè kàlẹ́ńdà. Ẹgbẹ́ wo ni kì í tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun tí agbára bá ká a? Fọ́tò àwọn olóyè á wà lórí rẹ̀, oyè kálukú á wà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀, ọdún á sì wà lókè gàdàgbà. Bí ọdún bá parí, a kì í sọ ọ́ nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń bo ìwé àwọn ọmọ tó ń lọ iléèwé, tàbí ká tẹ́ ẹ sínú àpótí aṣọ. Ẹ lọ bá àwọn opó àwọn olóyè àtijọ́, kí ẹ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wo ìsàlẹ̀ àpótí fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè àwọn nǹkan tí wọ́n pín níbi òde. Mo ní ọpọ́n ike búlúù kan tí mo fi ń ṣa ẹ̀wà di òní olónìí. Ìdí rẹ̀ ti ha, etí rẹ̀ kan ti sán, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ yí i ká ṣì ṣeé kà: orúkọ ẹni tó ṣe ìnáwó, orúkọ ẹgbẹ́ tó bá a ṣe é, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Tòwẹ́ẹ̀lì náà wà, agogo ògiri wà. Àwọn òmùwẹ̀ ló sì máa ń fẹ́ràn láti pín tòwẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀kẹta, ìwé ètò ìsìnkú. Ní ìlú wa yìí, ẹ ò ní í sin àgbàlagbà kí ẹ má ka ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ fún ìjọ, wọ́n á sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ibi tí wọ́n bá ti ka àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe kalẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Àwọn Mùsùlùmí náà ń tẹ ìwé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti alága yín tó lọ yẹn.

Tísà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì kọ:

Mo gbádùn ọ̀rọ̀ Ìyá Ọjà Tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa ọdún.

Akọ̀wé, ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lẹ́nu bàbá méjèèjì. Ẹnì kan ń sọ ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sódò pa pọ̀, ẹnì kejì ń sọ ọjọ́ tí wọ́n di ẹgbẹ́ tó ní owó oṣù àti ìwé ìpàdé. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ má fi ipá sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ẹ má bi àgbà pé "ọdún wo ni?" Ẹ bi í pé "kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà yẹn?" Ọjọ́ tí wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ padà láti òsì sí ọ̀tún ni ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti wọ ọkọ̀ nígbà náà kò lè gbàgbé. Ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí rìsíìtì tí wọ́n kọ owó ẹgbẹ́ sí ní ṣílè, ẹ ti mọ̀ pé ó ṣáájú 1973. Ohun tí bàbá méjèèjì sọ fún yín ò ju oṣù díẹ̀ síra wọn lọ, bó bá jẹ́ pé ìparí ìgbà òsì ni ọ̀kan ń sọ, tí èkejì sì ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà náírà.

Ní ìlú tiwa, ẹ tún ní àwọn òpó mìíràn. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà wà, tí àwọn àgbẹ̀ jà nítorí owó orí, tó gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún, ọba ìlú wa ìgbà náà, ní oṣù Keje ọdún 1969. Ọ̀rọ̀ tó ń dun ìlú ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ibi tó wà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọba Oyèwùmí Ajagungbádé Kẹta gorí ìtẹ́ ní 1973, wọ́n sì wàjà ní oṣù Kejìlá 2021. Ẹni tó bá ní "kí Kábíyèsí tó jẹ" ti fún yín ní ààlà. LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, dé ní 1990, ẹ béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú ẹgbẹ́ nígbà tí nǹkan tí wọ́n ń sọ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í nípa ara rẹ̀: ṣé ó ti gbéyàwó? Àkọ́bí rẹ̀ ńkọ́? Kíláàsì wo ló wà?

Ìyá Òmùwẹ̀ kọ:

Tísà, ẹ kú àlàyé, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kún un: "ṣé ó ti wọlé ọkọ?" Nítorí àwa obìnrin wà nínú omi náà, mo sì mọ̀ dájú pé orúkọ wa ò sí nínú ìwé ìpàdé tí ikán ń jẹ yẹn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹni tó ń san owó oṣù ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọbìnrin ò lè sọ nílé pé à ń lọ lúwẹ̀ẹ́, ká má tíì sọ pé ká gba owó rẹ̀. Wọ́n á ní irun á bàjẹ́, wọ́n á ní àwọ̀ á ṣú, wọ́n á ní ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí gbogbo ọkùnrin ti rí itan rẹ̀. Bí a bá délé pẹ̀lú irun tútù, a ti ní ọ̀rọ̀ tí a óò sọ: omi la lọ pọn. Ìró la máa ń so mọ́ àyà, a óò wá gbá a láàárín ẹsẹ̀ sí ẹ̀yìn kó má bàa fẹ́ lójú omi. Ìró tó bá gbẹ máa ń gba atẹ́gùn sínú bí a bá bẹ́ somi, á wú lẹ́yìn wa, á sì gbé wa lé omi fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń léfòó.

Bí ẹ bá bi àwọn ọkùnrin nìkan, wọ́n á sọ fún yín pé kò sí obìnrin. Ẹ lọ bá àwọn ìyá náà níbi tí ọkọ tàbí àna ò ti jókòó tì wọ́n.

Ọ̀nà sì jìn fún obìnrin níbi gbogbo. Ọdún 1912, ní Stockholm, ni obìnrin kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú Òlíńpíìkì, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin ti ń wẹ̀ nínú Òlíńpíìkì láti 1896. Nígbà tí Abíọ́lá Ògúnbánwó wẹ 100 mítà fún Nàìjíríà ní Tokyo ní 2021, tó parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 59.74, mo sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín fi hàn pé ọmọbìnrin wà nínú omi ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà.

Olùdìmú Aago kọ:

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni mo máa ń di stopwatch mú fún ẹgbẹ́ náà ní ìgbà kan, mi ò ní sọ orúkọ mi níbí, Akọ̀wé á mọ̀ mí tí mo bá pè é.

Ẹ ṣọ́ra fún àkókò tí ẹ bá rí nínú ìwé. Mo ṣì ní ìwé kékeré kan, èèpo rẹ̀ pupa, omi ti mú kí íńkì rẹ̀ ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí orúkọ òmùwẹ̀, ẹ óò sì rí àkókò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo fi bírò yí ọ̀kan ká. Kì í ṣe pé ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa mẹ́ta la di aago fún ẹnì kan. Bí aago méjì bá bára mu, tiwọn la gbà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ti àárín la mú. Òfin ìdíje nìyẹn níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, a sì tẹ̀ lé e bí ẹni pé Òlíńpíìkì la wà. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ àkókò kankan jáde, ẹ mú èyí tí a yí ká nìkan.

Èkejì, ẹ wo gígùn omi. Òmíràn nínú àwọn ìwé yẹn, yáàdì ló wà níbẹ̀. 100 yáàdì ò ju 91.44 mítà lọ, nítorí náà ẹ ò lè fi àkókò bàbá tó wẹ 100 yáàdì wé ti ọmọ òun tó wẹ 100 mítà, kí ẹ wá ní bàbá yára ju ọmọ lọ. Púùlù tí wọ́n fi ń ṣe Òlíńpíìkì jẹ́ 50 mítà. Kékeré rẹ̀ jẹ́ 25. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì sì lè má jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì, nítorí ẹni tó gbẹ́ ẹ kò ro ti ìdíje. Kódà bó jẹ́ 25 gẹ́lẹ́, ẹni tó bá wẹ 100 mítà níbẹ̀ máa yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò fẹsẹ̀ ti ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú 50 mítà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa tì í. Títì yẹn máa ń dín àkókò kù. Ẹ kọ irú púùlù tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àkókò kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ pé a kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni náà, ẹ má jẹ́ kó dà bí ọ̀rọ̀ àìní lásán nínú ìwé. Òfin ni. Àjọ tó ń ṣàkóso ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908, tó ń jẹ́ World Aquatics báyìí, kò gbà fún òmùwẹ̀ nígbà náà kó gba owó nítorí eré. Ẹni tó bá gbà á, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje títí ayé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ife, tòwẹ́ẹ̀lì àti ọṣẹ là ń fún ẹni tó bá gba ipò kìíní.

Ọmọ Aláàfin kọ:

Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo ti bá wọn kó ìtàn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan jọ níbí rí, nítorí náà ẹ gbà mí láyè.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí òòrùn tó mú, kí ara wọn tó rẹ̀. Ẹ ti ìpè pa lórí fóònù yín kí ẹnikẹ́ni má bàa pè láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ gbé fóònù náà lé aṣọ tí ẹ ká, ẹ má gbé e lé tábìlì lásán, nítorí gbogbo ìró ife ni yóò gbà sílẹ̀. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ òní. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ mú fọ́tò dání. Ẹ gbé e lé bàbá náà lọ́wọ́, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹ bá mú àgbà méjì jókòó ti fọ́tò kan, orúkọ tí ẹnì kan bá gbàgbé, ẹnì kejì á pè é, àríyànjiyàn wọn gan-an á sì tú ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ má dá wọn dúró.

Mo tún fẹ́ sọ pé kí ìwé yín má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ Yorùbá ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí afárá tó dé, àwọn òmùwẹ̀ ni wọ́n ń gbé èrò kọjá àwọn odò wa nígbà tí òjò bá kún wọn. Igbá ńlá ni wọ́n ń lò. Èrò á dì mọ́ igbá náà, ẹrù á wà lórí rẹ̀, òmùwẹ̀ á sì máa tì í lọ sí òdìkejì. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni fún wọn. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó gba ilẹ̀ wa kọjá nígbà náà kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn náà dì mọ́ igbá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó wà létí Odò Ọba bóyá ìran ẹnì kan níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ lè rí i pé ọmọ ọmọ wọn ló kọ́ àwọn tó dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀.

Ọmọ Tákìé kọ:

Bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn! Mo ní fọ́tò kan níbi tí wọ́n ti tò sí etí púùlù. Ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù o. Ṣé kí n ya á kúrò?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé kọ:

Ọmọ Tákìé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya á. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́ gíláàsì náà, kí ẹ fi ẹ̀rọ scanner tàbí fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti orí gíláàsì. Bí ẹ bá fà á, ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí kúrò.

Akọ̀wé, fún àwọn fọ́tò yòókù: ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn wọ́n, ẹ má mú wọn lọ fún ẹni tó máa fi ọ̀rá lẹ̀ wọ́n pa, ẹ má sì fi bírò kọ nǹkan sẹ́yìn wọn. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kí ẹ kọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ létí. Ẹ yẹ ẹ̀yìn fọ́tò wò dáadáa, torí àwọn oní-fọ́tò àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ orúkọ àti àdúgbò wọn síbẹ̀. Àpò ìwé lásán ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì gbé wọn kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, á fún wọn pọ̀, ojú wọn á sì rú nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n.

Lórí ìwé ìròyìn, ẹ lọ sí Ìbàdàn. Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìkàwé Kenneth Dike náà sì wà níbẹ̀. Nigerian Tribune ti ń jáde láti 1949, Daily Sketch bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Ẹ má wá orúkọ ẹgbẹ́ yín nìkan, ẹ lè má rí i. Ẹ wá ojú ìwé eré ìdárayá ní àsìkò ìdíje ńlá: Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Èkó ní oṣù Kìn-ín-ní 1973, àjọ̀dún eré ìdárayá orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, àti èyí tí Ìbàdàn gbàlejò rẹ̀ ní 1979. Nígbà tí wọ́n bá ń múra fún irú nǹkan báyìí ni àwọn akọ̀ròyìn máa ń rántí ìlú kéékèèké.

Ohun kan ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà: orúkọ ìpínlẹ̀. Títí di 1967, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni wá. Láti 1967 sí 1976, Western State ni. Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ọ̀ṣun sì wà nínú rẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ 1991. Bí ẹ bá rí "òmùwẹ̀ Ọ̀yọ́" nínú ìwé ìròyìn 1980, ó lè jẹ́ ọmọ Iléṣà. Bí ẹ bá sì ń wá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1973, abẹ́ Western ni kí ẹ wò.

Ọ̀rẹ́ Alága kọ:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú yẹn, èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣí ojú egbò yẹn? Ìwé ayọ̀ ni ẹ ń ṣe. Ẹ fi òkú ọ̀run sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè kọ:

Ọ̀rẹ́ Alága, mo gbọ́ yín, ẹ kú ìrántí ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Àwọn àgbà ní ológun ní í bógun lọ, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Wọn ò fi í pa mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa lágbàáyé ní 2021, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí rẹ̀ ni Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ṣe ya ọjọ́ 25, oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọ́ ọmọ ìlú ní ìlúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì yí ìlànà rẹ̀ padà lẹ́yìn ikú ọmọ kan, ohun tí wọ́n yí padà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kà.

Ẹ lọ bá ìyá náà lákọ̀ọ́kọ́. Kì í ṣe Akọ̀wé nìkan ni kó lọ, kí àgbàlagbà obìnrin kan tẹ̀ lé e. Kí wọ́n jẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ kí a kọ. Bó bá ní kí a má dárúkọ ọmọ rẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Bó bá ní kí a má kọ ọ́ rárá, ẹ má kọ ikú náà, ẹ kọ òfin tí ẹgbẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan: ẹni mélòó ló gbọ́dọ̀ wà létí omi, ta ló ń ka orí àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọlé àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá yọ jáde nínú omi nígbà yẹn. Mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà pé wọ́n á gbé e dorí kodò, wọ́n á máa tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Bí ẹ bá kọ ìyẹn sínú ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò dára. Ó ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè mú kí èébì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ mí sí i lẹ́nu, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀, ẹ máa ṣe é léraléra títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ìbéèrè mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn bàbá: kí ló mú wọn kúrò lódò lọ sí púùlù? Ẹ bi wọ́n nípa àtọ̀sí ajá. Omi tó dúró sójú kan, tí koríko wà létí rẹ̀, ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àrùn náà ń fẹ́. Kòkòrò ọ̀hún á jáde lára ìgbín, á sì gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wà nínú omi. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ìgbà náà tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n rò pé àmì pé wọ́n ti ń di ọkùnrin ni. Ẹni tó bá ṣì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn, òògùn praziquantel wà fún un. Ẹ sì má mú ọmọdé lọ wẹ̀ nínú dáàmù nítorí pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò ìwé yìí.

Ọ̀rẹ́ Alága kọ:

Ó dáa. Bí ìyá náà bá gbà, èmi náà á gbà. Mo mọ ilé wọn. Ìyàwó mi á bá Akọ̀wé lọ.

Akọ̀wé Òmùwẹ̀ kọ:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pe ìyàwó alága wa tó lọ. Mọ́mì ní kàlẹ́ńdà wà, wọ́n tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí bí Ìyá Ọjà Tuntun ṣe sọ, ìwé ètò ìsìnkú náà sì ṣẹ́kù nílé. Ìyá Òmùwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ àwọn obìnrin tí ẹ bá rántí ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, èmi á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé, bí a bá tẹ ìwé náà tán, ta ló yẹ ká fún?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé kọ:

Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ló ń fún ìwé ní nọ́ńbà ISBN, ẹ gbà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Òfin sì ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọ̀kan sí ilé ìkàwé LAUTECH, ọ̀kan sí ààfin, kí ẹ sì fún olúkúlùkù àgbà tó bá yín sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀ kí ẹ tó ta ẹyọ kan.

Olùdìmú Aago kọ:

Akọ̀wé, ó ku kiní kan. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ yẹn, omi ò sí nínú rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Mo ti bá ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ká wá ní Sátidé. Mo ní téèpù oní-30 mítà. Ẹ mú ẹnì kan wá tó máa di ìdí rẹ̀ mú ní ìhà ibi tó jinlẹ̀, kí a wọn gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Nígbà náà la óò mọ ohun tí àwọn àkókò inú ìwé pupa yẹn ń sọ.